Ẹ yan àwọn èèyàn kí ẹ tó ra kọ̀ǹpútà

Sí Olóòtú,

Òkun o. Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn, ẹ kú ojú lọ́nà.

Ohun tó mú wa kọ lẹ́tà yìí ni ìlà kan tó sábà máa ń wà nínú ìwé ìṣúná àwọn iléeṣẹ́ lágbègbè wa ní ilẹ̀ Òkun, Ìpínlẹ̀ Kogí: “Ríra kọ̀ǹpútà àti ètò orí kọ̀ǹpútà.” Láti Kabba dé Egbe, láti Iyara dé Isanlu, ì báà jẹ́ sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀, ì báà jẹ́ ilé ìwòsàn, ilé ẹ̀kọ́, tàbí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó ń ra kajú lọ́wọ́ àgbẹ̀, ìlà yẹn kì í ṣàìsí. Èyí tí a kì í sábà rí ni ìlà tó yẹ kó ṣáájú rẹ̀: owó àti àsìkò àwọn èèyàn tí yóò jókòó wo gbogbo iṣẹ́ iléeṣẹ́ náà pọ̀, tí wọn yóò lè sọ pé èyí la nílò, èyí ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé, èyí ni kò yẹ ká ná kọ́bọ̀ lé lórí.

Iṣẹ́ yẹn ní orúkọ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀: enterprise architecture planning. Pílánù iléeṣẹ́ la ó máa pè é níhìn-ín, bí àwọn bíríkìlà ṣe ń pe pílánù ilé. Ìwé ni, kì í ṣe ẹ̀rọ. Ó ń fi iṣẹ́ tí iléeṣẹ́ ń ṣe hàn, àti àkọsílẹ̀ tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń bí tàbí tó ń lò, àti ètò kọ̀ǹpútà tí yóò máa tọ́jú àkọsílẹ̀ wọ̀nyẹn, àti iná, wáyà òun ẹ̀rọ tí ètò náà yóò gùn lé. Bí àwọn tó jókòó ya pílánù yìí kò bá pé, pílánù náà kò lè pé, bí owó tí ẹ san fún olùdámọ̀ràn tilẹ̀ pọ̀ tó òkè.

Báwo la ṣe ń mọ̀ pé wọ́n pé? Àtẹ tí John Zachman, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ kọ̀ǹpútà IBM nígbà náà, gbé jáde ní 1987 ṣì ni òṣùwọ̀n tó rọrùn jù lójú tiwa. Ìbéèrè mẹ́ta ló kọ́kọ́ wà lórí rẹ̀: kí ni à ń kọ sílẹ̀, báwo la ṣe ń ṣiṣẹ́, níbo la ti ń ṣe é. Ní 1992 ni òun àti onímọ̀ kọ̀ǹpútà John Sowa tó fi mẹ́ta kún un: ta ni ń ṣe é, ìgbà wo, èé ṣe. Ẹ to ìbéèrè mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sórí ìwé, kí ẹ kọ orúkọ ẹni tó lè dáhùn ọ̀kọ̀ọ̀kan láìwojú ẹnikẹ́ni síwájú rẹ̀. Ibi tí orúkọ bá ti ṣófo, àga kan ló ṣófo nínú ìgbìmọ̀ yín. Àwọn ọmọ kọ̀ǹpútà lè dáhùn mẹ́ta àkọ́kọ́ láìbẹ ẹnikẹ́ni lọ́wẹ̀. Mẹ́ta tó dé kẹ́yìn ló máa ń ṣófo. “Ta ni” wà lọ́dọ̀ àwọn olórí ẹ̀ka. “Ìgbà wo” wà lọ́dọ̀ kaṣíà àti ẹni tó ń tọ́jú sítọ̀, torí àwọn ló mọ̀ pé ọjọ́ ọjà ni èrò ń pọ̀, pé ìparí oṣù ni ìwé máa ń há. “Èé ṣe” wà lọ́dọ̀ ẹni tó lè fọwọ́ sí owó.

Ọ̀dọ̀ ẹni yẹn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Agbátẹrù ni: ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn, alága ẹgbẹ́, tàbí olùdarí ètò òṣìṣẹ́ ní sẹkitéríàtì. Kì í bá ìgbìmọ̀ jókòó lójoojúmọ́. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó fọwọ́ sí lẹ́tà tó yan ìgbìmọ̀, kó pe olórí ẹ̀ka tó bá ń fi ìwé pamọ́ wá jókòó, kó sì parí ìjà ẹ̀ka méjì kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé. Lẹ́tà ìyanni náà gbọ́dọ̀ sọ orúkọ àwọn ọmọ ìgbìmọ̀, ọjọ́ tí wọn yóò yọ sílẹ̀ lọ́sẹ̀, àti ẹni tí yóò di àyè wọn mú lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ni wọ́n máa ń gbàgbé. Nọ́ọ̀sì tí kò sẹ́ni tó dúró fún un ní wọ́ọ̀dù á wá ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, á pẹ́ dé ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ ò ní rí i mọ́ ní ẹ̀kẹta. Ẹjọ́ rẹ̀ kọ́. Bí agbátẹrù fúnra rẹ̀ bá sì pa ìpàdé méjì jẹ léra wọn, ẹ dá iṣẹ́ dúró kí ẹ lọ bá a nílé. Ọbẹ̀ tí baálé ilé kì í jẹ, ìyáálé ilé kì í sè é.

Ìgbìmọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ gan-an kò gbọ́dọ̀ ju èèyàn márùn-ún sí méje lọ. Ẹ ka iye ẹni méjì-méjì tó gbọ́dọ̀ gbọ́ ara wọn yé: láàárín èèyàn márùn-ún, ó jẹ́ ọ̀nà 10, láàárín méje, 21, láàárín méjìlá, 66. Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni méjìlá á máa fi ìdajì ọjọ́ tún ọ̀rọ̀ àná sọ fún ẹni tí kò wá. Ibí yìí sì ni ilé wa ti ní ìṣòro tirẹ̀. Nǹkan kan kì í dé àárín wa ká má pín in láàárín àwọn ẹ̀ka Òkun: Owe mú ọ̀kan, Bunu mú ọ̀kan, Ijumu, Yagba, Oworo, kí ọ̀rọ̀ má baà dìjà. A ò bú àṣà yẹn, òun ló jẹ́ ká ṣì lè jókòó pọ̀. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ olùgbọ́ròyìn ni kí ẹ pín bẹ́ẹ̀: ìgbìmọ̀ kejì, tí gbogbo ẹ̀ka àti àdúgbò ní aṣojú nínú rẹ̀, tó ń jókòó fún wákàtí kan ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì, tó ń gbọ́ ibi tí iṣẹ́ dé, tó sì lè tako ohun tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn. Àwọn méje náà, ìmọ̀ iṣẹ́ ni kí ẹ fi yàn wọ́n.

Aṣáájú ni àkọ́kọ́, òun nìkan ló ń fi ọjọ́ márààrún ọ̀sẹ̀ ṣe é. Kò di dandan kó mọ kọ̀ǹpútà. Ó di dandan kó ti ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka méjì ó kéré tán, kó lè kọ ìwé tó já gaara, kí ojú má sì máa tì í láti béèrè ohun tí gbogbo èèyàn rò pé àwọn ti mọ̀. Ẹni méjì á wá láti ìdí iṣẹ́, àwọn tó ń fọwọ́ ara wọn kọ rẹ́jísítà, kì í ṣe ọ̀gá wọn. Ẹni kẹrin mọ àkọsílẹ̀, ẹ̀karùn-ún mọ ètò orí kọ̀ǹpútà, ẹ̀kẹfà mọ iná àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹ̀keje ni akọ̀wé, ẹ má sì fi ọmọ tó ń gbé tíì wá ṣe é. Òun ni yóò máa kọ ìpinnu kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, ìdí rẹ̀, àti orúkọ ẹni tí kò fara mọ́ ọn. Nígbà tí ọ̀gá tuntun bá dé ní oṣù mẹ́jọ sí i, tó sì béèrè pé kí ló dé tí a kò ra ètò fámásì ṣáájú, ìwé yẹn ni yóò dá a lóhùn.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ẹni tó mọ àkọsílẹ̀. Àwọn onímọ̀ ń pe àkọsílẹ̀ ní dátà, kì í sì í ṣe èyí tí à ń rà sórí fóònù. Ẹ wo obìnrin kan tó wá ilé ìwòsàn. Ní yàrá káàdì, wọ́n kọ ọ́ ní “Mrs. Fúnmiláyọ̀”, wọ́n fún un ní nọ́ńbà. Ní láàbù, wọ́n kọ “Funmi”, wọ́n fún un ní nọ́ńbà tiwọn. Ní fámásì, “Ìyá Tósìn” ni, nọ́ńbà risíìtì nìkan ló sì ní lọ́dọ̀ wọn. Ó sọ káàdì nù ní ọdún kejì, wọ́n gé òmíràn fún un lábẹ́ orúkọ ọkọ rẹ̀. Aláìsàn kan ti di mẹ́rin. Ètò kọ̀ǹpútà tí ẹ bá rà lórí irú ìdí yìí, mẹ́rin ni yóò máa kà á, kíákíá, láìsinmi. Akọ̀wé yàrá káàdì mọ èyí dáadáa, ọmọ kọ̀ǹpútà lè máà mọ̀ ọ́n títí owó yóò fi tán.

Ohun tí ìgbìmọ̀ fi ń tú irú rẹ̀ fó ni àtẹ kan, páálí ńlá àti bírò sì ti tó láti ya á. Ẹ kọ iṣẹ́ iléeṣẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ òsì, bí 20: gbígba aláìsàn, àyẹ̀wò, títa oògùn, gbígba owó, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ kọ orúkọ àkọsílẹ̀ sókè, bí 15: aláìsàn, àbájáde àyẹ̀wò, oògùn, risíìtì, òṣìṣẹ́. Ó di ojú àpótí 300. Nínú àpótí kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ D bí iṣẹ́ yẹn bá ń dá àkọsílẹ̀ náà sílẹ̀, K bó bá ń kà á, T bó bá ń tún un ṣe, P bó bá ń pa á rẹ́. Ẹ fi èyí tí kò kàn án sílẹ̀ lófìfo. Ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta ni, pẹ̀lú ariwo, ariwo yẹn sì ṣe pàtàkì.

Lẹ́yìn náà, ẹ ka òpó kọ̀ọ̀kan láti òkè wá sílẹ̀. Òpó tí D méjì bá wà nínú rẹ̀, ẹ̀ka méjì ló ń bí ọmọ kan náà, bí ti obìnrin tí a sọ yẹn. Agbátẹrù gbọ́dọ̀ yan ọ̀kan. Òpó tí K pọ̀ níbẹ̀ tí kò sí D, ìta ni àkọsílẹ̀ yẹn ti ń wá, tàbí kó jẹ́ pé orí ẹnì kan ló wà, ẹni yẹn sì lè fẹ̀yìn tì lọ́la. Òpó tó ní D tí kò ní K rárá, rẹ́jísítà tí wọ́n ń kọ tí ẹnikẹ́ni kì í ṣí ni: ẹ dá a dúró, ẹ ti fi owó pamọ́ láìra nǹkan kan. Bí ẹ kò bá sì rí P níbì kankan, ẹ rántí pé òfin ìdáàbòbò dátà ti Nàìjíríà ti wà láti 2023. Òfin yẹn ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ àwọn àkọsílẹ̀ ẹlẹgẹ́, kò fẹ́ kí wọ́n tọ́jú àkọsílẹ̀ nípa èèyàn kọjá ìgbà tí ìdí rẹ̀ ti tán, ó sì fún iléeṣẹ́ ní wákàtí 72 péré láti fi tó àjọ tó ń mójú tó o létí bí àkọsílẹ̀ bá bọ́ sọ́wọ́ tí kò yẹ lọ́nà tó lè pa àwọn tó ni ín lára. Kí ẹni tó mọ àkọsílẹ̀ nínú ìgbìmọ̀ ka òfin náà tán kí ó tó jókòó.

Àtẹ yìí kan náà ló ń sọ ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ rà. Ètò tó ń dá àkọsílẹ̀ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣáájú èyí tó ń kà á. Ilé ìwòsàn tó bá ra ètò fámásì kí ètò yàrá káàdì tó délẹ̀, fámásì á bẹ̀rẹ̀ sí í dá orúkọ aláìsàn tirẹ̀ sílẹ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní, nítorí kò rí ibi tí yóò ti kà á. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, wọ́n á sanwó fún ẹni tí yóò so méjèèjì pọ̀, owó náà sì lè ju ti ètò fámásì fúnra rẹ̀ lọ. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ńkọ́? Ìwé ọmọ ẹgbẹ́ ṣáájú ìwé ẹ̀yáwó. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó kọ D sábẹ́ “ọmọ ẹgbẹ́”, ẹ ní kí kaṣíà àti akọ̀wé sọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò dá owó láti oṣù mẹ́fà, ṣé ó ṣì jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́? Kaṣíà á ní rárá, akọ̀wé á ní bẹ́ẹ̀ ni, méjèèjì á sì bọ́ sínú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè bíbi jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ tó ní ọ̀nà. Kí ẹni méjì máa lọ, ọ̀kan ń béèrè, èkejì ń kọ. Ìṣẹ́jú 45 tó fún ẹnì kan, ẹni 20 sí 25 sì tó fún iléeṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò ju 200 lọ. Kí wọ́n dá ohun tí wọ́n kọ padà fún ẹni tó sọ ọ́ kí ọjọ́ méjì tó pé, kó tún un ṣe. Ẹ má bi olùtọ́jú sítọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì bó bá jẹ́ pé ẹ̀ka èdè ilé wa ló fi ń ṣírò àpò lọ́kàn. Ní Lọ́kọ́jà, ẹ wá ẹni tó gbọ́ Nupe tàbí Haúsá mọ́ ìgbìmọ̀. Ẹ má sì bi ọmọ iṣẹ́ lójú ọ̀gá rẹ̀. Ọmọ tí a kọ́ nílé kò ní já àgbà nírọ́ ní gbangba, ohun tó bá ọ̀gá lẹ́nu ni yóò gbè. Nínú ìpàdé pẹ̀lú, kí oníkálukú kọ èrò tirẹ̀ sórí ìwé pélébé kí àgbà ibẹ̀ tó la ẹnu, kí akọ̀wé kó o jọ kó kà á láìdárúkọ.

Ẹni iná àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni wọ́n máa ń pè kẹ́yìn, nígbà tí wọ́n ti rajà tán. Kó wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kó fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ wákàtí tí iná dé àti wákàtí tó lọ sílẹ̀, kó sì dán nẹ́tíwọ́ọ̀kì wò láàárọ̀, lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́ ní yàrá kọ̀ọ̀kan. Bí kọ̀ǹpútà orí tábìlì bá ń jẹ wáàtì 150, mẹ́wàá fún wákàtí mẹ́jọ jẹ́ yúníìtì 12 lóòjọ́. Láápútọ́ọ̀pù oníwáàtì 50, mẹ́wàá fún wákàtí kan náà, jẹ́ 4. Iye yúníìtì yẹn ló ń sọ ìwọ̀n sólà àti bátìrì tí ẹ ó rà, ó sì lè jẹ́ òun ni yóò sọ bóyá ètò tí kò lè ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì tilẹ̀ yẹ ní Mopa tàbí Odo-Ere.

Steven Spewak, ọ̀kan lára àwọn tó to iṣẹ́ yìí sójú kan ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, pín in sí apá méje ní ìpele mẹ́rin: ìmúrasílẹ̀, iṣẹ́ iléeṣẹ́ àti ohun tó wà nílẹ̀ báyìí, lẹ́yìn náà pílánù àkọsílẹ̀, ti ètò kọ̀ǹpútà, ti ẹ̀rọ, ìparí rẹ̀ ni ètò bí a ó ṣe kó láti ti àtijọ́ bọ́ sí tuntun. Fún iléeṣẹ́ tí a ń wí yìí, a ó fún ìpele kìn-ín-ní ní ọ̀sẹ̀ 2, ìkejì ní 4, ìkẹta ní 5, ìkẹrin ní 3. Ọ̀sẹ̀ 14 ni. Aṣáájú ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀, ó jẹ́ 70. Àwọn mẹ́fà yòókù ń ṣe ọjọ́ 2 lọ́sẹ̀, ó jẹ́ 168. Àpapọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ 238 ni kí ẹ kọ sínú ìṣúná, kí ẹ ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú owó oṣù wọn. Bí ẹ kò bá kọ ọ́, ẹ̀ka wọn ni yóò san án ní ìkọ̀kọ̀, wọn yóò sì kórìíra iṣẹ́ náà.

Ó ku àwọn tí kò yẹ kó wọ̀ ọ́. Ẹni tí ẹ̀ka rẹ̀ yára yọ sílẹ̀ torí kò níṣẹ́ lọ́wọ́: bí ẹ̀ka kò bá sunkún lórí ẹni tí wọ́n fún yín, ẹ padà lọ béèrè ẹlòmíràn. Àgùnbánirọ̀ lè ran akọ̀wé lọ́wọ́, àmọ́ ẹ má fi í ṣe aṣáájú tàbí kí páásíwọ́ọ̀dù wà lọ́wọ́ òun nìkan, torí ọdún kan péré ló ní, ọ̀nà ilé sì ti là sílẹ̀ fún un. Ẹni tí ẹ lè gbé lọ sí ẹ̀ka mìíràn nígbàkigbà gbọ́dọ̀ ní igbákejì tó ń bá a jókòó láti ọ̀sẹ̀ kẹta. Ẹni tó ń ta ètò kọ̀ǹpútà kò gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́ rárá, bó ti wù kó pọ́n yín lé: ẹni tó ń ta àgbò kọ́ ni à ń bi pé àgbò mélòó ni ká pa lọ́dún. Ẹ pè é wá lẹ́yìn ìpele kẹta, pẹ̀lú àtẹ yín lọ́wọ́. Olùdámọ̀ràn láti ìta lè wúlò bó bá ń kọ́ yín ní bí wọ́n ṣe ń ya á; bó bá ń ya á fún yín, ìwé aláràbarà ni ẹ ó rí gbà. Nínú àdéhùn rẹ̀, ẹ kọ ọ́ pé gbogbo àwòrán yóò wà ní irú fáìlì tí ẹ̀yin fúnra yín lè ṣí kí ẹ sì tún ṣe, kí owó ìkẹyìn má sì kúrò lọ́wọ́ yín títí ẹ ó fi dán an wò.

Ọ̀rọ̀ àláwánsì náà wà níbẹ̀. Bí ẹ bá ń san án fún ìpàdé, ìpàdé ni yóò máa pọ̀. Ẹ san án fún iṣẹ́ tó parí: àtẹ tó kún, ìwé ìfọ̀rọ̀wáni tí wọ́n ti tún ṣe, ètò bí a ó ṣe kó bọ́ sí tuntun, tí agbátẹrù fọwọ́ sí.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ 14 bá pé, ẹ má tú gbogbo wọn ká. Aṣáájú àti akọ̀wé nílò ìdajì ọjọ́ lóṣooṣù láti fi àyípadà tó bá dé sórí àtẹ: ẹ̀ka tuntun, fọ́ọ̀mù tuntun, rẹ́jísítà tí wọ́n dá dúró. Kí ẹ̀dà kan wà lọ́fíìsì agbátẹrù, kí èkejì wà ní ibi tí ẹ ń tọ́jú ìwé ìṣirò owó, kí ó má ṣe jẹ́ inú láápútọ́ọ̀pù ẹnikẹ́ni nìkan ló wà. Páálí tí ẹ fi bírò kọ náà, ẹ gbé e kọ́ sára ògiri yàrá káàdì, níbi tí akọ̀wé ibẹ̀ ti lè nàka sí i pé D yìí kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́.

Àwa ni tiyín,
Àwọn òṣìṣẹ́ ètò kọ̀ǹpútà mélòó kan,
Kabba, Ìpínlẹ̀ Kogí.